Olórin Nínú Ilé: Iṣẹ́ Tí A Kò Tíì Kà sí Iṣẹ́

Ẹ̀yin òǹkàwé wa ní Pobẹ̀, ní Sakẹ́tẹ́ àti ní gbogbo agbègbè Plateau, ẹ kò ní ṣàìgbọ́ ọ̀rọ̀ yìí rí: «Kò níṣẹ́ kankan, orin ni ó ń kọ.» A máa ń sọ ọ́ nípa ọmọ aládùúgbò. A máa ń sọ ọ́ nípa àna. Àwọn ìyàwó mìíràn a sì máa sọ ọ́ nípa ọkọ wọn nígbà tí owó ọbẹ̀ kò bá pé. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ náà kò tọ́. Iṣẹ́ ni orin dídá. Ṣùgbọ́n inú ilé ni a ti ń ṣe iṣẹ́ náà, láàárín ọmọ, ìkòkò àti ẹní, nítorí náà ó yẹ kí ilé mọ àkókò rẹ̀, kí ilé sì mọ owó rẹ̀. Níbi tí ilé kò bá ti mọ̀ wọ́n, ìjà ni orin ń bí.

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo olórin kan ní Pobẹ̀. A kò ní í pe orúkọ ẹnikẹ́ni, nítorí irú rẹ̀ pọ̀. Ní ọ̀sán, ó ń ránṣọ. Ìyàwó rẹ̀ ń ta gààrí ní ọjà. Ọmọ mẹ́ta ni wọ́n bí, àbíkẹ́yìn kò sì tíì já ọmú. Ní alẹ́, nígbà tí ẹ̀rọ ìránṣọ bá ti dákẹ́, ó mú ohun èlò orin kékeré kan, ó gbé e sí àyà, ó sì ń wá ọ̀rọ̀ tí yóò bá ohùn rẹ̀ mu. Kò sí ilé-iṣẹ́ kan tí ó ń san owó fún un kí ó tó kọrin. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ń dá orin. Òun ni ó ń san owó sítúdíò. Òun ni ó ń fi orin náà ránṣẹ́ sórí fóònù àwọn ènìyàn, òun náà ni ó ń bá àwọn tí ó ní ìnáwó dúnàádúrà. Irú olórin bẹ́ẹ̀ ni a ń pè ní olórin tí ó dá dúró. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ó tàn yín jẹ: ẹni tí ó dá dúró lórí ìtàgé kò dá dúró nínú ilé. Ẹnìkan ni ó pọn ọmọ nígbà tí òun ń wá ohùn.

Ohun èlò orin kékeré náà ni yùkùlélé. Àbúrò jìtá ni. Jìtá ní okùn mẹ́fà, yùkùlélé ní mẹ́rin péré, okùn rẹ̀ kì í sì í ṣe irin, okùn ọ̀rá ni. Ìdí nìyí tí ohùn rẹ̀ fi rọ̀. Ènìyàn lè ta á lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní tí ọmọ ń sùn lé, kí ọmọ náà má ta jí. Kò bèèrè iná mànàmáná. A lè fi í sínú àpò, kí a gbé e kọ́ ẹ̀yìn, kí a gun zémíjàn lọ sí òde. Bí mo bá ní kí n yan ohun èlò orin fún ẹni tí ó ní ọmọ kékeré nílé, òun ni n óò yàn, kì í ṣe ìlù, kì í sì í ṣe fèrè onírin.

Ìtàn bí ó ṣe dáyé yẹ ní gbígbọ́. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1879, ọkọ̀ ojú omi kan tí ń jẹ́ Ravenscrag gúnlẹ̀ sí ìlú Honolulu, ní erékùṣù Hawaii, láàárín òkun Pàsífíìkì. Àwọn ará Madeira, erékùṣù àwọn Pọtogí, ni ó kún inú rẹ̀. Wọ́n lé ní irinwó, ọkọ, aya àti ọmọ. Oko ìrèké ni wọ́n ń lọ ṣiṣẹ́. Nínú ẹrù wọn ni ohun èlò olókùn mẹ́rin kan wà, tí ń jẹ́ machete ní ìlú wọn. Mẹ́ta nínú wọn mọ iṣẹ́ igi: Manuel Nunes, Augusto Dias àti José do Espírito Santo. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, àwọn mẹ́ta náà ṣí ṣọ́ọ̀bù ní Honolulu, wọ́n ń kan àga, wọ́n ń kan tábìlì, wọ́n sì ń ṣe ohun èlò orin. Ibẹ̀ ni machete ti di yùkùlélé. Kalākaua, ọba Hawaii, fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń ta á níwájú rẹ̀ ní ààfin. Ẹ ṣàkíyèsí pé alágbàṣe ni àwọn tí ó gbé e wá, àwọn tí ó kó ẹbí dání lọ sí ilẹ̀ òkèèrè nítorí oúnjẹ òòjọ́. Kì í ṣe aláìníṣẹ́ ni ó dá yùkùlélé sílẹ̀.

Ẹ má sì ṣe rò pé àlejò pátápátá ni ó jẹ́ nínú orin Yorùbá. Ní Èkó, ní àwọn ọdún 1930, nígbà tí orin jùjú ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ, Àyìndé Bákàrè ta yùkùlélé-báǹjò, ìyẹn yùkùlélé tí a fi awọ bo ojú rẹ̀ bí ti ìlù. Ní 1937, ó gba orin sílẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ His Master's Voice. Ní 1949 ni ó mú jìtá tí a so mọ́ ẹ̀rọ tí ń mú ohùn ròkè, àwọn onijùjú yòókù sì tẹ̀ lé e. Túndé King, ẹni tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kà sí olùbẹ̀rẹ̀ jùjú, ṣe iṣẹ́ akọ̀wé pẹ̀lú orin kíkọ. I. K. Dáíró ṣe onígbàjámọ̀ kí òkìkí rẹ̀ tó kàn, kí Ọbabìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó fún un ní oyè MBE ní 1963. Àwa ń rí agbádá ńlá nínú àwòrán wọn. A kì í rí àga tí oníbàárà jókòó lé nígbà tí Dáíró ń fá orí rẹ̀.

Kí á tilẹ̀ fi Èkó sílẹ̀. Ní ilẹ̀ wa níbí, ta ni ó ń dá orin Gẹ̀lẹ̀dẹ́? Àgbẹ̀ ni, agbẹ́gilére ni, aránṣọ ni. Ẹni tí yóò kọrin Ẹ̀fẹ̀ ní òru kì í gba owó oṣù. Ó ti ń ro orin náà nígbà tí ó ń kọ ebè. Ó ti ń wo ohun tí àwọn aráàlú ń ṣe, olè, òpùrọ́, olóṣèlú tí ó ṣèlérí tí kò mú un ṣẹ, kí ó lè fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ lójú agbo. Ní 2001, àjọ UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní ọ̀kan nínú àwọn àjogúnbá tí gbogbo ayé gbọdọ̀ tọ́jú, ní 2008 wọ́n sì kọ ọ́ sínú àkójọ wọn ní orúkọ Benin, Nàìjíríà àti Togo. Ohun kan wà nínú ètò Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí a máa ń gbójú fò: ọkùnrin àti obìnrin ni ó jọ ń darí ẹgbẹ́ náà. Ọkùnrin ni ó ń gbé ère sórí, kódà bí ère náà bá jẹ́ ojú obìnrin, ṣùgbọ́n àwọn ìyá ni a ń bu ọlá fún, Ìyá Ńlá ni a ń júbà.

Ẹ wá wo ẹni tí ó fi gbogbo òru yin àwọn ìyá ní gbangba, tí ó padà sílé ní òwúrọ̀, tí ó sì ń bèèrè oúnjẹ gbígbóná lọ́wọ́ obìnrin tí kò fojú kan oorun nítorí ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná. Orin rẹ̀ dára. Ìwà rẹ̀ kò bá orin rẹ̀ mu. Irú olórin bẹ́ẹ̀ wà, ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́, àwọn ni ó sì mú kí àwọn ènìyàn máa pe gbogbo olórin ní ọ̀lẹ àti alágbe. Èmi kò gbà pé ẹ̀bùn orin jẹ́ àwáwí fún ẹnikẹ́ni láti fi ẹrù ilé lé ẹlòmíràn lórí.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ti olórin náà pẹ̀lú. Pobẹ̀ mọ ọ̀pẹ. Ilé ìwádìí nípa ọ̀pẹ ti wà níbẹ̀ láti 1922. Ẹni tí ó gbin ọ̀pẹ mọ̀ pé ó máa ń tó ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin kí ó tó gé ìdì ẹyìn àkọ́kọ́. Láàárín ọdún wọ̀nyí, ó ń ro ìdí rẹ̀, ó sì ń gbin àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ sí àárín rẹ̀ kí ilé má bàa sùn lébi. Kò sí ẹni tí ó ń pe onítọ̀hún ní aláìníṣẹ́. Orin jọ ọ̀pẹ ní ọ̀nà yìí. Èyí tí a dá lónìí lè má mú owó wọlé títí di ọdún mélòó kan. Fún aránṣọ wa ní Pobẹ̀, aṣọ tí ó ń rán ni àgbàdo àárín ọ̀pẹ. Àwọn ọ̀rẹ́ kan a máa gbà á níyànjú pé kí ó ta ẹ̀rọ ìránṣọ, kí ó kọjú sí orin nìkan, pé ẹni tí ó bá bẹ̀rù kò lè lókìkí. Bí ẹ bá wò ó dáadáa, ẹ óò rí i pé ọ̀pọ̀ àwọn tí ń fúnni ní irú ìmọ̀ràn bẹ́ẹ̀ kò tíì san owó ilé-ìwé ọmọ kankan rí.

Ìjà tí ń ṣẹlẹ̀ nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, bí a bá yẹ̀ ẹ́ wò, kì í sábà jẹ́ ìjà lórí orin. Lórí àkókò ni. Aránṣọ lè dá ẹ̀rọ dúró, kí ó gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, kí ó tún padà síbi tí abẹ́rẹ́ ti dúró. Aṣọ náà yóò ṣì wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ orin tí ènìyàn bá jù sílẹ̀ láàárín lè má padà wá mọ́. Olórin mọ èyí, ìdí nìyí tí ó fi máa ń bínú bí a bá pè é lójijì. Ìyàwó kò mọ̀ ọ́n. Ohun tí òun ń rí ni ọkùnrin kan tí ó jókòó, tí ó gbé igi olókùn kan sí àyà, tí ó ń wo òrùlé, nígbà tí omi ń hó lórí iná tí ọmọ sì ń sunkún. Kí ni a fẹ́ kí ó rò? Kò sí ẹni tí ó sọ fún un pé iṣẹ́ ni wíwo òrùlé yẹn.

Kí ó sọ fún un, nígbà náà. Kí àwọn méjèèjì jókòó ní ọjọ́ tí inú kò bí ẹnikẹ́ni, kí wọ́n fohùn ṣọ̀kan lórí wákàtí. Bí àpẹẹrẹ, alẹ́ mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀, wákàtí kan ààbọ̀ ní ẹ̀ẹ̀kan, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ bá ti jẹun. Ní wákàtí yẹn, kí ẹnikẹ́ni má pe olórin àfi bí àìsàn bá dé. Ní wákàtí yòókù, kí olórin gbé yùkùlélé kọ́ ara ògiri, kí ó jẹ́ bàbá: kí ó wẹ ọmọ, kí ó wo ìwé ọmọ, kí ó pọn omi. Mo mọ̀ pé àwọn ọkùnrin kan yóò fa ojú ro bí wọ́n bá ka ọ̀rọ̀ nípa omi pípọn yìí. Kí wọ́n fà á ro.

Ohun tí ó tún ṣe pàtàkì jù ni pé wákàtí gbọdọ̀ wà fún ìyàwó náà. Bí ọkọ bá gba alẹ́ mẹ́ta fún orin, kí ìyàwó gba alẹ́ mẹ́ta tirẹ̀ fún ohun tí ó wù ú, ìpàdé ẹgbẹ́, àjọ, tàbí kíláàsì ìmọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà tí púpọ̀ nínú ẹ̀yin tí ń ka ojú ìwé yìí ti kọjá níbẹ̀. Mélòó nínú àwọn obìnrin tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ kíláàsì náà ni ó fi í sílẹ̀ nítorí pé kò sí ẹni tí yóò dúró ti ọmọ ní ìrọ̀lẹ́? Olórin tí ó ń bèèrè ìdákẹ́jẹ́ fún orin rẹ̀ kò lè ṣàì fún ẹlòmíràn ní ìdákẹ́jẹ́ fún ìwé rẹ̀. Kí wọ́n ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀. Àwọn ọmọ pàápàá ní ipa tiwọn, nítorí ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ kèrèǹgbè. Ọmọ ọdún márùn-ún ni adájọ́ àkọ́kọ́ fún orin. Bí ó bá ń kọ ọ́ lẹ́nu ní ọjọ́ kejì nígbà tí ó ń lọ sí ilé-ìwé, tí ẹnikẹ́ni kò rán an, orin náà ti dúró.

Bí obìnrin bá ni olórin náà ńkọ́? Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti le jù. Bí ọkùnrin bá dé láti òde orin ní aago mẹ́ta òru, a ní ó ti ibi iṣẹ́ bọ̀. Bí obìnrin bá dé ní aago kan náà, ìbéèrè mìíràn ni a ń bi í. Àwọn àna yóò pe ìpàdé. Wọn yóò bèèrè ẹni tí ó fi ọmọ sílẹ̀ fún, bí ẹni pé ọmọ náà kò ní bàbá. Ọ̀pọ̀ obìnrin tí ohùn wọn dùn ní ìlú wa ni ó jẹ́ pé ọjọ́ ìgbéyàwó ni a gbọ́ ohùn wọn mọ lójú agbo, lẹ́yìn náà ó di ti ilé ìdáná.

A máa ń fi Angélique Kidjo yangàn, ọmọ orílẹ̀-èdè wa tí a bí ní Ouidah, tí ó ti kọrin ní èdè Fọn, ní èdè Yorùbá àti ní èdè mìíràn níwájú gbogbo ayé. A máa ń ka àwọn ẹ̀bùn Grammy rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó máa ń rántí bí ilé rẹ̀ ṣe rí. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà tí ó kọ́kọ́ bọ́ sí orí ìtàgé, nínú ẹgbẹ́ eré tí ìyá rẹ̀ ń darí. Olórin ni ọkọ rẹ̀, Jean Hébrail. Àwọn méjèèjì jọ ń dá orin, wọ́n sì bí ọmọbìnrin kan ní 1993. Orúkọ ìyá rẹ̀ ni ó wà lẹ́yìn àkọlé àwo orin Eve, tí ó jáde ní 2014, tí ó gba Grammy ní 2015. Ẹgbẹ́ akọrin àwọn obìnrin láti ilẹ̀ Benin wà nínú àwo náà. Ohùn rẹ̀ jẹ́ ẹ̀bùn, mo gbà. Ṣùgbọ́n ilé kan wà tí kò pa ohùn náà mọ́ ọn lẹ́nu nígbà tí ó wà ní kékeré, ilé mìíràn sì wà tí ó jẹ́ kí ó máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ nígbà tí ó di ìyá. A kò lè sọ fún gbogbo obìnrin olórin ní Sakẹ́tẹ́ pé kí ó fẹ́ olórin. Kò pọn dandan. Àgbẹ̀ lè gbé ọmọ mọ́ra fún alẹ́ méjì láàárín ọ̀sẹ̀.

Ó kan owó wàyí. Okùn yùkùlélé máa ń gbó, ó máa ń já, a sì gbọ́dọ̀ ra òmíràn. Lionel Loueke, ọmọ Benin tí a bí ní 1973, tí ó ti bá Herbie Hancock ṣeré káàkiri ayé, sọ bí òun ṣe bẹ̀rẹ̀ jìtá: nígbà tí okùn já tí kò sí owó, wáyà bíréèkì kẹ̀kẹ́ ni ó fi rọ́pò rẹ̀. Ìtàn náà dùn. Ẹni tí ó ní yùkùlélé kò gbọdọ̀ dán an wò, nítorí wáyà irin yóò fa ara rẹ̀ ya. Okùn ọ̀rá tí àwọn apẹja fi ń so ìwọ̀ sàn fún un jù, àwọn kan sì ń lò ó. Ohun tí mo fẹ́ kí a rí ni pé, ní ilé tí owó kò ti pọ̀, okùn tí ó já kì í ṣe ọ̀rọ̀ olórin nìkan. Inú owó ọbẹ̀ ni a óò ti mú owó okùn, bí a kò bá ti ya owó orin sọ́tọ̀.

Kí a yà á sọ́tọ̀, kí ó sì hàn sí gbogbo ẹni tí ó yẹ. Bí olórin bá gba 20 000 fáráǹkì ní òde kan, kí ìyàwó mọ̀ pé 20 000 ni, kì í ṣe 12 000. Kí wọ́n jọ pín in: èyí jẹ́ ti ilé, èyí jẹ́ ti okùn àti sítúdíò, èyí kí ó dúró de ìgbà tí òde kò bá sí, nítorí òde orin máa ń gbẹ ní ìgbà mìíràn bí ìgbà tí omi kànga bá lọ sílẹ̀. Olórin tí ó fi iye owó pamọ́ fún ìyàwó rẹ̀ ti sọ orin di orogún rẹ̀.

Ohun ìní mìíràn wà nínú orin tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò kà sí. Ní orílẹ̀-èdè wa, òfin kan wà láti 2006 tí ó dáàbò bo ẹ̀tọ́ àwọn tí ó dá iṣẹ́ ọnà sílẹ̀. Ẹni tí ó dá orin ni ó ni orin. Ẹ̀tọ́ owó orí rẹ̀ jẹ́ tirẹ̀ títí yóò fi kú, ó sì jẹ́ ti àwọn ajogún rẹ̀ fún 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Àádọ́rin ọdún! Ọ̀pẹ oko ńlá kì í wúlò tó bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn bí ọdún 25 sí 30, gígé ni a máa ń gé e kí a tún gbin òmíràn. Ilé-iṣẹ́ tí ń rí sí ọ̀rọ̀ yìí ni BUBEDRA, ní Kútọnu. Òun ni ó ń gba owó lọ́wọ́ àwọn tí ń lo orin, rédíò, ilé ìgbafẹ́, òtẹ́ẹ̀lì, tí ó sì ń pín in fún àwọn olórin tí ó ti fi orúkọ ara wọn àti orúkọ orin wọn sílẹ̀. Ẹni tí kò bá fi orúkọ sílẹ̀, kò sí bí wọn yóò ṣe mọ̀ pé òun ni ó ni orin tí ń dún. Mo mọ̀ pé owó náà lè má pọ̀ fún ẹni tí orin rẹ̀ kò tíì tàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí orin bá tàn lẹ́yìn ogún ọdún, àwọn ọmọ tí ó ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ yùkùlélé lónìí ni yóò ni ín.

Níbi yìí ni ìwé kíkà ti wọ inú ọ̀rọ̀ wa. Àwọn baba wa tí ó dá orin Ẹ̀fẹ̀ ní ìrántí tí ó jinlẹ̀, wọn kò sì nílò bébà. Orin wọn jẹ́ ti gbogbo ìlú, kò sì sí ẹni tí ń tà á. Ayé tiwa yàtọ̀. Ẹlòmíràn lè gbọ́ orin yín ní òde ìsìnkú ní Sakẹ́tẹ́ lónìí, kí ó gbà á sílẹ̀ lórí fóònù, kí ó sì gbé e jáde ní orúkọ ara rẹ̀ ní oṣù tí ń bọ̀. Ẹ ra ìwé àkọsílẹ̀ kan. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ orin náà sínú rẹ̀ ní èdè Yorùbá, gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe kọ́ ọ ní kíláàsì, pẹ̀lú àmì ohùn, nítorí orin Yorùbá tí kò ní àmì lè yí ìtumọ̀ padà lẹ́nu ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ẹ kọ ọjọ́, oṣù àti ọdún. Ẹ kọ orúkọ ẹni tí ó mú ọ̀rọ̀ wá àti orúkọ ẹni tí ó mú ohùn wá. Bí ó bá jẹ́ pé ìyàwó ni ó sọ ègbè orin náà níbi tí ó ti ń yan gààrí, ẹ kọ orúkọ tirẹ̀ sí i pẹ̀lú. Òun náà ni ó dá a. Bí ọkọ kò bá tíì mọ̀wé kọ tí ìyàwó sì mọ̀ ọ́n, kí ìyàwó jẹ́ akọ̀wé iṣẹ́ náà. Mo rò pé kì yóò tún pe orin náà ní àìníṣẹ́ lẹ́yìn tí ó bá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ogún orin sílẹ̀.

Ó wá ku àwa tí a ń pe olórin sí òde. Àwa pàápàá kò mọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. A ń ṣe ìsọmọlórúkọ, a ń ṣe ìgbéyàwó, a ń ṣe òkú àgbà. A mọ iye tí a óò san fún ẹni tí ó ya àga àti àtíbàbà fún wa, a sì ń san án ṣáájú. Tí ó bá kan olórin, a ní kí ó jẹun, kí ó mu, pé àwọn àlejò yóò ná an lówó. Bí àlejò kò bá ná an ńkọ́? A kì í sọ fún ẹni tí ó ya àga fún wa pé kí ó dúró de àlejò. Àwọn ilé-iṣẹ́ mérì náà, tí wọ́n ń pe olórin sí ọjọ́ òmìnira ní oṣù kẹjọ àti sí àjọ̀dún ìlú, ó yẹ kí wọ́n wà níwájú nínú èyí.

Ojú ìwé kan ṣoṣo ti tó. Kí ẹni tí ó ń pe olórin kọ orúkọ ara rẹ̀ àti orúkọ olórin sí i, kí ó kọ ọjọ́ òde, iye owó, àti ìdajì tí a ó san ṣáájú. Kí wọ́n kọ ẹni tí yóò san owó ọkọ̀ láti Pobẹ̀ dé Sakẹ́tẹ́ àti àbọ̀ rẹ̀. Kí àwọn méjèèjì fọwọ́ sí i, kí oníkálukú mú ẹyọ kan. Kí wọ́n má sì ṣe gbàgbé láti kọ wákàtí tí orin yóò parí, nítorí zémíjàn kì í rọrùn láti rí láàárín òru, ẹnìkan sì wà nílé tí kò ní í ti ilẹ̀kùn títí olórin yóò fi dé.